Kì í Ṣe Ẹsẹ̀ Rẹ Ló Gbé Ìyá Ọkọ Rẹ Ṣubú

Bùsírátù ọmọ mi, Àṣàkẹ́ tèmi,

Ẹkún lo fi kí mi lórí fóònù lánàá. N kò tíì dáhùn tán tí o ti ní, "Màámi, mo ń bọ̀ wálé o. N ò lè gbé ilé yìí mọ́." Bàbá rẹ jókòó tì mí, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, ńṣe ni wọ́n gbé ẹ̀pà sílẹ̀ tí wọ́n ń wò mí lẹ́nu. N kò bá ọ sọ ọ́ délẹ̀ nígbà náà, nítorí ilé tí o wà yẹn, ògiri ibẹ̀ létí, o sì mọ̀ pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ohùn mi kì í mọ níwọ̀n. N kò sì lè dìde wá. Ìyá ìyàwó tó bá sáré wọ Aké nígbà tí àna rẹ̀ ṣubú, wọn ò ní í ní ó wá kí aláìsàn, wọ́n á ní ó wá jà fún ọmọ rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí. Kà á ní ọ́fíìsì yín ní Ìbarà, má kà á nílé. Bí o bá kà á tán, nu ojú rẹ kí o tó wọlé.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ dáadáa. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ìyá ọkọ rẹ wà nídìí ìkòkò aró wọn lẹ́yìnkùlé láti àárọ̀. Wọ́n lóṣòó ti iná, wọ́n ń rẹ aṣọ. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, wọ́n gbé aṣọ dìde pé kí àwọn lọ sá a. Òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń pe Sídíkátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, ní orúkọ ẹni tó ti kú. Kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti ṣubú. Sídíkátù kígbe pé ṣúgà ìyá àwọn ti lọ sókè, ló bá sáré já ewúro, ó ń gún un. Ọlọ́run ló ní kí Táófíìkì ọkọ rẹ dé lásìkò yẹn, tó gbé ìyá rẹ̀ sínú mọ́tò, ó di ọsibítù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò, tí wọ́n ní ṣúgà náà kò lọ sókè rárá, ó wálẹ̀ ni, ó wálẹ̀ débi tó léwu. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn náà wálẹ̀. Wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n lajú, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ béèrè ni aṣọ tí wọ́n fẹ́ sá. Dókítà ní kí wọ́n padà wá ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, kí wọ́n lè wádìí ohun tó fà á.

Sídíkátù kò dúró de Ọjọ́rú. Ó ti wádìí tirẹ̀ tán. Ó ní láti ìgbà tí ìyàwó tuntun ti wọlé ni ara ìyá àwọn kò ti lélẹ̀, pé omi tí wọ́n dà sí ọ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò ran ẹsẹ̀ náà. O gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn ọ́ tí o fi fẹ́ di ẹrù rẹ.

Ó dùn èmi náà, n kò ní í purọ́ fún ọ. Mo gbà á bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ẹsẹ̀ tí mo fi òróró pa láti ìkókó! Ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi rọ̀, mo rántí pé àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà ló ṣubú yìí. Ó yẹ kí ẹnì kan wo ẹ̀yìn nínú ilé yẹn, bí wọn ò bá sì wò ó, àwa á bá wọn wò ó.

O rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni mo fi ń tù ọ́ nínú nígbà tí mo ń bi ọ́ ní ìbéèrè lánàá, àbí? Mo ní, kí ni ìyá ọkọ rẹ ń jẹ láàárọ̀? O ní láfún ni wọ́n ń jẹ kí o tó dé, ṣùgbọ́n o ti dá a dúró, nítorí o kà á lórí fóònù pé òkèlè kò dára fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. O ní kùkúńbà àti kárọ́ọ̀tì lo ń gé sínú abọ́ fún wọn báyìí. Mo ní, ta ló ń fún wọn ní oògùn ṣúgà wọn? O ní ìwọ ni, pé lẹ́yìn ìrun àsùbáà lo máa ń kúnlẹ̀ gbé e fún wọn kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Mo ní, kí ni wọ́n tún ń mu? O ní omi ewúro láràárọ̀, àti àgbo kan tí Sídíkátù ń rà bọ̀ láti ọjà. Mo ní, iyọ̀ ńkọ́? O ní o kò fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ wọn mọ́ rárá, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bùsírá, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún. Kùkúńbà! Ṣé ìyá ọkọ ni wọ́n ní kí o tọ́jú àbí ewúrẹ́? Ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n fi láfún tọ́ dàgbà, tó ti ń fi ọwọ́ fún aṣọ láró láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọkọ rẹ, ìwọ gbé kùkúńbà lé e lọ́wọ́ láàárọ̀, o ní kó lọ jókòó ti iná. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é. O fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìyàwó tuntun yìí mọ ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Èmi kì í ṣe dókítà, aṣọ ni mò ń tà. Ohun tí ojú mi rí lórí bàbá rẹ àti lórí ara mi, àti ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì fi bá mi wí, òun ni mò ń sọ.

1. Oògùn ṣúgà kò mọ ẹni tó jẹun yàtọ̀ sí ẹni tí kò jẹun. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni kó mú ṣúgà wálẹ̀, bó bá sì ti wọ inú, iṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ yẹn. Ó dà bí ẹni tí a bẹ̀ wá gbálẹ̀ ilé wa: bí kò bá rí pàǹtírí mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá iyanrìn. Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ ń jẹ láfún, oògùn yẹn ń rí nǹkan ṣe. Dókítà tó kọ ọ́ fún wọn, ẹni tó ń jẹ láfún ló kọ ọ́ fún. O mú láfún kúrò, o fi oògùn sílẹ̀ bó ṣe wà, o tún ń fún wọn lò ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nígbà tí oúnjẹ, bí a bá tilẹ̀ pe kùkúńbà ní oúnjẹ, kò tíì sí nítòsí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá lọ ṣiṣẹ́ agbára. Iṣẹ́ agbára pẹ̀lú ń jẹ ṣúgà. Kí ló kù nínú ẹ̀jẹ̀ náà tí yóò gbé wọn dúró?

Bàbá rẹ ní kí n má gbàgbé tiwọn. O ṣì kéré nígbà náà. Wọ́n lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìjẹmọ̀, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n tún jẹ mọ́ínmọ́ín, ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n délé, ẹ̀rí ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lẹ́bi. Dípò oògùn ṣúgà kan, wọ́n lo méjì, wọ́n ní àwọn fẹ́ fìyà jẹ ṣúgà náà. Wọn ò sọ fún mi. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún lo ti àárọ̀, wọ́n ní ikùn àwọn ṣì kún, àwọn ò jẹun. Kò pẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń bú mi. Bàbá rẹ tí kì í bú èèyàn! Èmi náà sì ṣe ohun tí Sídíkátù ṣe gẹ́lẹ́: mo ní ṣúgà ti gun wọ́n lórí, mo fún ewúro, mo sì tì í sí wọn lẹ́nu. Mo tún gba búrẹ́dì tí wọ́n nawọ́ sí. Búrẹ́dì tí ara wọn ń tọrọ fúnra rẹ̀! Nọ́ọ̀sì tó gbà wá wọlé lọ́jọ́ náà bi mí pé, "Ìyá, ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ, ṣé ẹ tún ń gbé e lọ sá sóòrùn ni?" Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà ni súwíìtì ti wà nínú àpò bàbá rẹ, tí ẹ máa ń rò pé ọ̀kánjúwà ni.

Nítorí náà, kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n. Òógùn tútù, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ebi òjijì, àyà tó ń lù kì-kì-kì, ojú tó ń ṣú, ọ̀rọ̀ tí kò lójú tí kò nímú, ìbínú tí kò nídìí. Bí ìyá ọkọ rẹ bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì lè gbé nǹkan mì, po ṣúgà mọ́ omi kí wọ́n mu ún kíá, tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà nínú. Má bẹ̀rù ṣúgà lásìkò yẹn, òun ni oògùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí ara kò bá tíì balẹ̀, ẹ tún un fún wọn. Bó bá ti balẹ̀, kí wọ́n jẹ oúnjẹ gidi tẹ̀lé e. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gún ìka, kí ẹ yéé fi ojú wọn ṣúgà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dákú, ẹ má rọ ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ìbáà ṣe oyin. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni. Ohun tí a rọ fún ẹni tí kò mọ ara, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ wọn lélẹ̀, kí ẹ sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù.

2. Ewúro àti àgbo. N kò bá ewúro jà, mo ṣì se é jẹ ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá. Èyí tí a fọ̀ tí a sì sè nínú ọbẹ̀, oúnjẹ ni. Omi rẹ̀ tí a ń fún kíkan mu láràárọ̀ lórí oògùn òyìnbó, ìyẹn ti di oògùn lórí oògùn. Àgbo náà ńkọ́? Ẹni tó tà á kò mọ oògùn tí wọ́n ń lò nílé, ẹ̀yin náà ò mọ ohun tó wà nínú ìgò rẹ̀. Ó lè máa mú ṣúgà wálẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni mẹ́ta wá di okùn kan ṣoṣo mú, wọ́n ń fà á wálẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ pé èkejì ń fà. O tiẹ̀ sọ fún mi pé àgbo náà ń ṣí wọn nínú, pé wọ́n lọ sẹ́yìn léraléra ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ṣubú. Omi ara ló ń bá ìgbẹ́ gbuuru lọ yẹn. Bí omi ara bá sì ti lọ, ìfúnpá á tẹ̀lé e lọ.

3. Ìfúnpá yìí gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí gbogbo ayé ló ń bẹ̀rù èyí tó ga, ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rù èyí tó wálẹ̀. Èmi bẹ̀rù rẹ̀. Ìyàwó tuntun bíi rẹ ni mo jẹ́ nígbà kan, ìyá bàbá rẹ náà sì ń rẹ aṣọ. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé akíkanjú ni mí. Mo máa ń lóṣòó ti ìkòkò aró láti àárọ̀, n kò ní í mu omi, kí n má baà máa dìde lọ tọ̀ kí wọ́n wá ní ìyàwó yìí ń sá fún iṣẹ́. Ooru láti iwájú, oòrùn láti ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí láti inú ilé, mo ní "Mà!" mo sì fò dìde lójijì. Ilé ń yí, ojú mi ṣú, mo sì forí sọlẹ̀, ọwọ́ mi kan nínú aró. Nígbà tí mo lajú, ìyá bàbá rẹ ń jó. Wọ́n ní oyún ni! Wọ́n ti ń kí àwọn ará ilé kú oríire. Kò sí oyún kankan o, òǹgbẹ ni. Ọwọ́ mi sì dúdú bí ẹ̀lú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí mo bá lọ pọnmi, àwọn ọmọdé a máa kọrin tẹ̀lé mi.

Bí èèyàn bá lóṣòó pẹ́, ẹ̀jẹ̀ á ti kó sí ẹsẹ̀. Bó bá wá dìde lójijì, ẹ̀jẹ̀ kò ní í tètè dé orí. Èmi jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tó ṣe mí. Ìyá ọkọ rẹ ti dàgbà, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni èyí tó ń mú wọn tọ̀. Oògùn ń lé omi jáde, òógùn ń lé omi jáde, àgbo ń lé omi jáde, àwọn fúnra wọn kò mu omi, ìwọ sì kó iyọ̀ kúrò nílẹ̀ pátápátá. Dókítà ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kò ní kí ẹ lé e jáde nílé. Gbé ike omi sí ẹ̀gbẹ́ wọn nídìí aró. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó lórí àpótí dípò kí wọ́n lóṣòó, kí wọ́n sì kọ́kọ́ jókòó dáadáa, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n tó dìde díẹ̀díẹ̀. Bí òòyì bá kọ́ wọn, kí wọ́n tètè fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ wọn sókè sórí ìrọ̀rí. Ẹni tó ti wà nílẹ̀ kò tún ní í ṣubú.

4. N kò wá sọ pé kùkúńbà rẹ nìkan ló ṣe gbogbo rẹ̀ o. Bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, oògùn ṣúgà máa ń pẹ́ nínú ara ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn lè fà á. Ọkàn tí kò lù dáadáa lè mú ìfúnpá wálẹ̀, ibà líle lè ṣe é, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà láìmọ̀ lè ṣe é, ẹ̀gbò tó ń rà lára lè ṣe é. Àwọn kan ń yá oògùn ọ̀rẹ́ lò, wọ́n ní tiwọn kò lágbára tó. Béèrè lọ́wọ́ wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bóyá ẹnì kan ní ìsọ̀ aṣọ kò fún wọn ní hóró kan. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé dókítà ló ni ìwádìí, kì í ṣe èmi, kì í ṣe Sídíkátù, kì í sì í ṣe fóònù rẹ. Má ṣe dá oògùn kankan dúró fúnra rẹ báyìí tí ẹ̀rù ti ń bà ọ́. Lónìí, ẹ pe ọsibítù, kí ẹ bi wọ́n bí ẹ ṣe máa fún ìyá ní oògùn títí di Ọjọ́rú, kí oúnjẹ gidi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láfún wọn, ẹ dá a padà ní ìwọ̀n, kí ewébẹ̀ àti ẹja pọ̀ níbẹ̀; kí wọ́n sì sọ fún yín ní ọsibítù bó ṣe yẹ kó pọ̀ tó.

Mo mọ̀ pé bí o bá ka ibi tí a dé yìí, wàá ti máa rò ó pé, "Ó tán, màá kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ro láfún fún wọn, màá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Mo mọ̀ ọ́. Èmi ni mo bí ọ. Nígbà tí o fọ́ dígí bàbá rẹ, o tò ó pọ̀ o sì fi aṣọ bò ó. Èyí kì í ṣe dígí o. Bí o bá dákẹ́, tí dókítà kò mọ̀ pé o ti yí oúnjẹ wọn padà, yóò rí ṣúgà tó wálẹ̀, yóò ní oògùn ti pọ̀ jù, yóò dín in kù. Ìwọ á délé, wàá dá láfún padà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ṣúgà á wá lọ sókè jù. Ìdákẹ́ rẹ ló máa wá ṣe obìnrin náà léṣe nígbà náà, kò ní í jẹ́ àìmọ̀ mọ́. Nítorí náà, o gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí o sì sọ ọ́ kó tó di Ọjọ́rú.

5. Bí o ṣe máa sọ ọ́ rè é. Táófíìkì ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, nínú yàrá yín, nígbà tó bá ti jẹun tán. Má sọ fún ọkọ tí ebi ń pa. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì lọ bá ìyá. Kúnlẹ̀, kí o ní, "Màámi, ẹ foríjì mí. Mo yí oúnjẹ yín padà láì bi dókítà, mo sì ń fún yín ní oògùn kí oúnjẹ tó délẹ̀. Mo rò pé ìtọ́jú ni. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dé ọsibítù ní Ọjọ́rú kí n lè sọ ọ́ fún wọn." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má ṣe sunkún, bí o bá sunkún wọ́n á dáwọ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ wọ́n á máa rẹ̀ ọ́ lẹ́kún. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Lọ́jọ́ náà, gbàyè níbi iṣẹ́. Kó gbogbo oògùn wọn sínú ọ̀rá kan, ti ṣúgà, ti ìfúnpá, ìgò àgbo, àní ewé ewúro pàápàá, kí o gbé e síwájú dókítà.

Àṣàkẹ́ mi, má ṣe dárúkọ Sídíkátù nígbà tí o bá gbé ìgò àgbo sílẹ̀. Sọ pé, "A tún ń lo èyí nílé." "A" ni kí o wí. Ó bú ọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wò ó wò: ìyá kan ṣoṣo tó ní ṣubú lójú rẹ̀, ó ń pè é ní orúkọ òkú. Ẹ̀rù ló ba Sídíkátù, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà máa ń wá ẹni tí yóò gbé e lé lórí. Ìwọ lo wà nítòsí. Bó bá yá, tó bá mọ̀ pé àgbo òun wà nínú ẹjọ́ náà tí o kò sì fi ṣẹ̀sín, á yí padà sí ọ. Bí kò bá sì yí padà, á dákẹ́. Èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì dára fún wa.

6. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? O ní ojoojúmọ́ lo máa ń gun ọ̀kadà lọ sí Ìbarà láìfi nǹkan kan kan ẹnu, o tún ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ààwẹ̀ dára, sààrì náà sì dára. Má ṣe gbà á láìjẹ sààrì. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ ní ọ́fíìsì, jókòó kíá, kí o mu omi. Àti pé bí Ọlọ́run bá ti ṣe nǹkan sí ọ nínú tí o ń fi pamọ́ fún mi, mọ̀ pé ìfúnpá aláboyún náà máa ń wálẹ̀ láwọn oṣù àkọ́kọ́. Mi ò bi ọ́ léèrè o. Mo kàn sọ ọ́ ni. Bàbá rẹ ní kí n pa á rẹ́. N kò pa á rẹ́.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ wíwá sílé. O bi mí bóyá yàrá rẹ ṣì wà. Ó wà, ṣùgbọ́n mo ti kó aṣọ kún un dé àjà. Kò sí ibi tí o máa na ẹsẹ̀ sí. Mi ò kó wọn kúrò nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu Sídíkátù. Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ rẹ nìyí, kò sì jù ọ́ lọ. Ọkọ rẹ fẹ́ràn rẹ, mo rí i lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò tíì sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí ọ, àní nígbà tí wọ́n lajú lọ́sibítù, ìwọ ni o sọ pé wọ́n béèrè bóyá o ti jẹun. Obìnrin tó béèrè bẹ́ẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn, a kì í sá fún un. Ìwọ lo máa tọ́jú wọn títí wọ́n á fi fi ọwọ́ ara wọn wẹ ọmọ rẹ.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí kó wọ̀ ọ́ lára. Bí o bá kúnlẹ̀ tí o sọ òótọ́, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn sì gbé ọwọ́ sókè sí ọ, ìbáà ṣe àgbà, ìbáà ṣe ọmọdé, má dúró gbé bàtà, máa bọ̀ wálé. Èmi àti bàbá rẹ jọ sọ ọ́ lálẹ́ àná. Wọ́n ní bí èmi bá ń da aṣọ yẹn síta láti ojú fèrèsé, àwọn á máa tẹ́ ẹní.

Èmi tó bí ọ ni,
Ìyá Bùsírá.